Ó fi aṣọ nu báàgì tí mo fọwọ́ kàn: ṣé kí n pe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni?

Ìyá Elépo, Iléṣà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́fà tó ti wà lọ́kàn mi, n ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Epo pupa ni mò ń tà ní ọjà Àtàkúmọ̀sà níbí ní Iléṣà. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Owó epo yìí ni mo fi rán ọmọ mi obìnrin lọ sí OAU. Ó ti parí, ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wọn ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí n fi kí i kú oríire. Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ. Nígbà tó yá ló fi fọ́tò báàgì kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, báàgì aláwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀, irin tí wọ́n fi ń pa á dé rí roboto. Ó ní ó wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ifẹ̀, òun máa ń rí i látẹ̀yìn gíláàsì bí òun bá ń kọjá lọ. Gbogbo ìgbà tó ti ń wò ó, kò dárúkọ ẹ̀ fún mi rí.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo ti ta kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin kí aago mọ́kànlá tó lù. Mo ní kí ọmọ àbúrò mi bá mi jókòó ti ìsọ̀, mo wọ mọ́tò, ó di Ifẹ̀. N ò yà sílé lọ pààrọ̀ aṣọ. Ìró àti bùbá àǹkárá tí mo wọ̀ jí sọ́jà náà ló wà lọ́rùn mi. Ó mọ́, àmọ́ aṣọ ọjà ni. Mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ ọwọ́ mi dáadáa kí n tó kúrò. Ẹni tó bá ń ta epo mọ̀ pé epo kì í tán lábẹ́ èékánná, ó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú níbẹ̀ ni, bó ti wù kéèyàn fọ̀ ọ́ tó. ₦90,000 wà nínú àpò tí mo so mọ́dìí.

Ṣọ́ọ̀bù náà tutù nini. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo kí wọn, mo ní, "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá." Ẹnì kan ló dáhùn, kò gbójú kúrò lára fóònù. Èyí tó sún mọ́ mi wò mí láti orí wá sílẹ̀, ojú ẹ̀ wá dúró sórí sílípáàsì mi. Mo rí báàgì náà lórí pẹpẹ. Mo wá ibi tí wọ́n kọ iye owó ẹ̀ sí, n ò rí i. Mo ní, "Ọmọ mi, èló ni báàgì yìí?"

Ó ní, "Ó wọ́n o, Màmá."

Mo rò pé kò gbọ́ mi ni. Mo tún un bi. Ó ní, "Àwọn tí owó wọn ò pọ̀ wà lọ́hùn-ún, Màmá," ó nawọ́ sí àwọn pọ́ọ̀sì onírọ́bà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti nawọ́ kan báàgì náà nígbà yẹn, ìka méjì péré, mo kàn fẹ́ mọ bí awọ ẹ̀ ṣe rí lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ jọ̀ọ́." Bí mo ṣe ká ọwọ́ kò, ó fa aṣọ ìnuǹkan funfun kan yọ, ó nu ibẹ̀. Ó tún nu ibẹ̀. Ó wá na aṣọ náà sókè síná, ó ń wò ó bóyá epo wà lára ẹ̀. Kò sí epo kankan lára ẹ̀.

"Ẹ̀yin" lẹnu ẹ̀ ń pè mí, àmọ́ "ìwọ" lojú ẹ̀ ń pè mí. N ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

N ò bá a jà. N ò sọ fún un pé owó wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ó dáa," mo bá tèmi lọ. Nígbà tó di alẹ́, ọmọ mi pè: "Màámi, ṣé ẹ rí i?" Mo ní wọ́n ti tà á. Ó ní kò burú, kí n má da ara mi láàmú. Irọ́ ni mo pa fún ọmọ mi. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí ju aṣọ funfun yẹn lọ.

Nọ́ńbà ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù wà lára pátákó wọn, mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀. Ṣé kí n pè é ni? Àbí kí n padà lọ, kí n ka owó náà sílẹ̀ lójú ọmọ yẹn? Àbí kí n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá wá ra epo ìgò kan péré lọ́wọ́ mi, mo máa ń bu èènì fún un. N ò bi oníbàárà rí bóyá owó ẹ̀ máa tó.

Ìyá Bọ̀dé

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Inú mi ru bí mo ṣe kà á. Ẹ padà síbẹ̀! Ẹ wọ léèsì yín tó dáa jù, ẹ we gèlè, ẹ kó góòlù sọ́rùn, kẹ́ ẹ wá wo bí ọmọ yẹn ṣe máa kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Kẹ́ ẹ yẹ gbogbo ọjà wọn wò tán, kẹ́ ẹ wá sọ fún wọn pé ẹ ò rà mọ́.

Ìyá Elépo, Iléṣà

Ìyá Bọ̀dé, ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní léèsì. N ò ní wọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀. Bí mo bá wọ̀ ọ́ tó sì kí mi dáadáa, léèsì ló kí.

Ọmọ Òṣómàáló

Ìyá Elépo, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìfaradà. Ìjẹ̀ṣà lèmi náà, mo ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Ọ̀rọ̀ yín ká mi lára torí ọjà aṣọ ni wọ́n fi tọ́ bàbá mi.

Bàbá tó bí bàbá mi ṣe òṣómàáló. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé orúkọ ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Àwọn Ìjẹ̀ṣà máa ń di aṣọ lérù, wọ́n á gbé e dé àwọn ìlú àti abúlé tó jìnnà réré, àwọn mìíràn dé òkè Ọya. Àwìn ni wọ́n máa ń tà á. Wọ́n á fún àgbẹ̀ láṣọ lónìí, á máa san án díẹ̀díẹ̀. Bọ́jọ́ bá pé tí kò bá san, ẹni tó tajà á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, á ní "Òṣó ni màá ló gbowó mi." Ibẹ̀ lorúkọ ti jáde.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nìyí: ta ni wọ́n ń ta aṣọ yẹn fún? Àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún ẹ̀, àdá wà léjìká ẹ̀. Bàbá mi ròyìn fún wa pé bí bàbá òun bá ti tú ẹrù, nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe ni pé á fi etí aṣọ sọ́wọ́ àgbẹ̀ yẹn, á ní, "Fà á wò. Fọwọ́ pa á." Á ta á sí i léjìká, á yọ díńgí kékeré sí i. Ọwọ́ tó kan aṣọ yẹn, ilẹ̀ oko ló wà lára ẹ̀. Wọn ò nu nǹkan kan. Irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ ló kọ́lé fún wọn níbí, òun ló rán àwọn ọmọ wọn níwèé.

Ní tèmi, ẹ má padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ wá báàgì mìíràn fọ́mọ.

Ará Lágere

Ẹ káalẹ́ mà. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lè kọ nǹkan kan, torí mo ti ṣe iṣẹ́ ọmọ yẹn rí. Ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ ni mo fi bá wọn ta báàgì, bàtà àti lọ́fínńdà ní ṣọ́ọ̀bù kan nílùú Ifẹ̀ yìí. N ò sọ pé kì í ṣe ibi kan náà, n ò sì sọ pé ibẹ̀ ni.

Ohun tó ṣe yín yẹn burú, mà. Mi ò wá gbèjà ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ọ̀gá wa kọ́ wa pé ká kọ́kọ́ wo bàtà ẹni tó bá wọlé, ká wo fóònù ọwọ́ ẹ̀, ká tó pinnu iye àsìkò tá a máa lò lórí ẹ̀. Ẹnu ọ̀gá ni mo ti gbọ́ "Ó wọ́n o." Ó ní ká máa fi yẹ̀ wọ́n wò, pé ẹni tó bá lówó kò ní í kúrò. Iye owó ò sí lára ọjà torí pé ojú èèyàn ni wọ́n fi ń bù ú.

Ti ìnuǹkan yẹn: bí nǹkan bá bà jẹ́ tàbí tó sọ nù, àwa la máa ń san án. Lọ́fínńdà kan sọ nù nígbà kan, wọ́n yọ ₦6,000 lára owó oṣù àwa mẹ́ta, ẹnì kọ̀ọ̀kan. ₦22,000 lowó oṣù mi nígbà yẹn. Láti ọjọ́ náà, mo di ẹni tó ń tẹ̀ lé oníbàárà lẹ́yìn bí ẹni ń ṣọ́ olè. Mo ti sọ "ẹ má fọwọ́ kàn án" fún ìyá kan rí, mo ṣì rántí ojú ẹ̀. Òun náà sọ pé "Ó dáa," ó jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á, bí ẹni pé ẹ̀yin ni mo ṣe é fún.

Bẹ́ ẹ bá máa pe ọ̀gá, ẹ pè é. Àmọ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ iye owó tí kò sí lára ọjà àti ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wọn lẹ máa sọ. Bó bá jẹ́ ọmọ yẹn lẹ tọ́ka sí, wọ́n á lé e, wọ́n á gba ẹlòmíràn lọ́jọ́ kejì, wọ́n á sì tún kọ́ ìyẹn náà bó ṣe máa wo bàtà. Bẹ́ ẹ bá tún wọ irú ibẹ̀, ẹ má bèèrè èló. Ẹ sọ pé, "Gbé e sílẹ̀ fún mi, mo fẹ́ wo inú ẹ̀." Ẹni tó bá ní kí wọ́n gbé ọjà sílẹ̀, wọn kì í sọ fún un pé ó wọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ sì kú oríire ọmọ tó jáde. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ fi kún un.

Èkíní, iye owó tí kò sí lára ọjà yẹn lòdì sófin. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀ sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye tó ń tà á hàn, kò sì gbọ́dọ̀ gbà ju iye tó fi hàn lọ lọ́wọ́ oníbàárà. Ojú tí wọ́n fi wò yín ò sí nínú òfin, àmọ́ iye owó wà níbẹ̀. Ẹ lè di ìyẹn mú bẹ́ ẹ bá ń bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀.

Èkejì jẹ́ ohun tí wọ́n kọ́ wa nínú kíláàsì. Lọ́dún 2014, olùwádìí méjì, Morgan Ward àti Darren Dahl, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ṣọ́ọ̀bù olówó ńlá tí àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ti ń fojú pa èèyàn rẹ́. Wọ́n rí i pé bí ọjà náà bá jẹ́ èyí téèyàn ń fẹ́ tipẹ́, bí wọ́n bá fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni yẹn, ńṣe ló tún máa ń fẹ́ rà á sí i. Kì í ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí tolówó tálákà ti ń rajà. Bó bá sì ṣe díẹ̀, ìfẹ́ yẹn á lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bi yín, mà, ẹ má bínú: owó tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kà sílẹ̀ yẹn, ṣé torí báàgì ni, àbí torí ọmọ tó fi aṣọ nù ún?

Ìyá Elépo, Iléṣà

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ kò jẹ́ kí n sùn lánàá. Torí ọmọ tó nù ún ni. Mo ti ń ro ó nínú ara mi bí màá ṣe ka owó náà, bó ṣe máa dún lórí tábìlì, ibi tí màá ti dúró. N ò ro báàgì náà páàpáà.

Bàbá Òṣómàáló, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Èmi náà máa ń ní kí wọ́n fi ìka tọ́ epo mi wò kí wọ́n tó rà á. N ò mọ̀ pé a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ará Lágere, mo ti fi orí jì ọ́. Ìyá tó o sọ yẹn náà, bó bá jẹ́ irú mi ni, ó ti fi orí jì ọ́.

Mo pe ọ̀gá wọn láàárọ̀ yìí lẹ́yìn tí mo pàtẹ tán. Obìnrin ni, ohùn ẹ̀ tutù. Mo sọ ti iye owó tí kò sí lára ọjà, mo sọ ti "Ó wọ́n o," mo sọ fún un pé owó tí mo fẹ́ fi ra báàgì wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀ mí. Ó ní òun máa lẹ iye owó mọ́ gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Èwo nínú wọn ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín, mà? Ẹ júwe ẹ̀ fún mi."

Ọmọ náà ní àpá kékeré kan lókè ojú òsì, ó di irun ṣúkú. Mo ní n ò rántí ojú ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà mo pe ọmọ mi, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, títí kan irọ́ tí mo pa. Ó dákẹ́ títí. Ó ní, "Màámi, ọwọ́ yín yẹn?" Kò lè sọ èyí tó kù. Ó ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Sátidé, a jọ máa wọ ọjà lọ wá báàgì.