Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí yíyẹ ilẹ̀ wò kí n tó gbin oúnjẹ ẹranko ìgbẹ́

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ilẹ̀ bí éékà kan lẹ́yìn Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹ̀wà ni mo fẹ́ gbìn síbẹ̀ fún ẹtu àti awó, bóyá wọ́n á fi tiwa sílẹ̀ fún wa. (Ìyàwó mi ní ta ló ń dáko fún ẹtu?)

Lọ́dún tó kọjá, mo kàn gbìn ín ṣáá ni. Ó hù, àmọ́ ewé rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Mo fa ìdí kan tu, kókó wẹ́wẹ́ tó máa ń wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà, tó ń bá a wá oúnjẹ, kò ju méjì lọ.

Ní báyìí, mo ti bu erùpẹ̀ lójú mẹ́wàá, ní sẹ̀ǹtímítà 15 sísàlẹ̀. Mo pò ó nínú ike, mo sá a síbi òjìji. Mi ò bù níbi tí a ti ń sun pàǹtí, torí eérú ibẹ̀ á tàn mí jẹ.

Ta ló ti gbé irú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbẹ̀ ní Kàbà rí? Ṣé wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ará ìta? Èló ni? Bí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe ń kan tó) bá sì kéré sí 5.5, ṣé eérú igi ìdáná lè tó láti dín kíkan náà kù, àbí láìmù (ẹfun lílọ̀ tí wọ́n ń dà sílẹ̀ oko) ni kí n wá? Oṣù kẹjọ ni mo fẹ́ gbìn, ẹ jọ̀ọ́.