"Iṣẹ́ aláṣẹ ọpọlọ" kọ́: mo dábàá "ọgbọ́n ìdáwọ́lé"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìlọrin ní kí a máa pe executive function, ìyẹn bí ọpọlọ ṣe ń darí ohun tí a fẹ́ ṣe títí yóò fi parí, ní "iṣẹ́ aláṣẹ ọpọlọ", kí dyslexia, ìyẹn kí ìwé kíkà máa ni ènìyàn lára, sì jẹ́ "àrùn àìlèkàwé". Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò fara mọ́ ìkankan, nítorí èmi ni màá dúró níwájú ìyá ọmọ láti sọ ọ́.

Kubwa ní Àbújá ni mo wà, níbi tí mo ti ń ṣe lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ fún àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń ni lára. Bí mo bá pe nǹkan náà ní àrùn, oògùn ni ìyá á béèrè. Rudolf Berlin, dókítà ojú ará Jámánì, lo dyslexia nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1887. Gíríìkì tó fi ṣe é, ìnira ló ń sọ, kò sọ pé ọmọ kò lè kà á. Ẹ tún wo Ítálì. Lẹ́tà wọn kì í yí ohùn padà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, bíi tiwa náà ni. Ọmọ tó ní ìnira yìí níbẹ̀ sábà máa ń pe ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, àmọ́ ó máa ń pẹ́ lórí rẹ̀. "Ìnira ìwé kíkà" ti tó.

Ti "aláṣẹ" ló dùn mí jù. Ní Àbújá, ẹ pe aláṣẹ, mínísítà ni wọ́n gbọ́. Ẹlòmíràn ní kí a pe executive function ní "ìkóra-ẹni-níjàánu". Ìyẹn jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ sábà ń kà: dídi nǹkan mú lọ́kàn bí a ṣe ń lò ó, kíkó ara ẹni níjàánu, àti yíyí ọ̀nà padà bí ti àkọ́kọ́ kò bá já. Orúkọ náà tún fi ẹ̀sùn kan ọmọ. Iwájú ọpọlọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í gbó tán kí ènìyàn tó lé ní ogún ọdún, a wá ń pe ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní olóríkunkun!

Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi. Ó mọ iṣẹ́ tí wọ́n fún un, ó gbẹ́ pẹ́ńsù, ó ṣí ìwé, ogójì ìṣẹ́jú kọjá, kò kọ ìlà kan. Mo gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, mo kọ ọ́ sí páálí, ó ń fa ìlà sí èyí tó bá ti ṣe. Ọjọ́ náà ló parí i. Ọmọ yẹn ní ìmọ̀, ìwà rẹ̀ sì dára. Bí a ṣe ń dáwọ́ lé nǹkan ni kò mọ̀. Nítorí náà ni mo fi ní "ọgbọ́n ìdáwọ́lé". Nígbà tí a bá gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bù kún ìdáwọ́lé wa, a kì í ní ìbẹ̀rẹ̀ nìkan lọ́kàn, títí dé ìparí ni. Òótọ́ ni pé yíyí ọ̀nà padà kò hàn dáadáa nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó gbà á mọ́ra, kó mú un wá.

Working memory, ìyẹn dídi nǹkan mú lọ́kàn bí a ṣe ń lò ó tí mo kà lókè, ẹ má pè é ní "ìrántí ìgbà díẹ̀". Bí a bá rán ọmọ níyọ̀ àti ata gígùn ní ṣọ́ọ̀bù màláàmù, rírántí méjèèjì ni ìrántí ìgbà díẹ̀. Kó máa ṣírò ṣéńjì lórí, kí iyọ̀ àti ata má sì bọ́ lọ́kàn rẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn. "Ìrántí ẹnu-iṣẹ́" ni mo ń lò fún un.