Lady palm méjì: ṣé oríṣi kan náà ni wọ́n?

Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀
Ẹ kú ilé o. Oṣù kẹta rèé tí mo ra lady palm, igi ẹ̀ṣọ́ inú ìkòkò, méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta fúláwà létí títì níbí. Ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n, pé ọ̀kan kàn dàgbà ju èkejì ni. Ojú mi ò gbà á. Ewé ti àkọ́kọ́ fẹ̀, ó là bí ìka ọwọ́. Mo kà á, ó jẹ́ 7, orí ìka kọ̀ọ̀kan sì dà bí ohun tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé. Ti èkejì jẹ́ 16, tín-ín-rín, ṣóńṣó. Ìyá ọkọ mi ní ọparun ni méjèèjì, torí oríkèé ara igi wọn. Èyí tó dùn mí jù ni pé ewé fífẹ̀ yẹn ti ń di rúsúrúsú. Iwájú ilé ló wà, oòrùn ọ̀sán ń bà á.

Bàbá Olóko, Iléṣà
Ìyá Ìbejì, ẹ rí i dáadáa. Oríṣi méjì ni. Ewé fífẹ̀ yẹn ni Rhapis excelsa. Ìka rẹ̀ kì í sábà ju 10 lọ, orí rẹ̀ kúńdú, ó sì ní eyín wẹ́wẹ́. Èkejì jọ Rhapis humilis, tí ìka tirẹ̀ lè tó 20. Orí ìka ni kí ẹ máa wò ju iye lọ, torí ewé igi kékeré kì í là tó ti àgbà. Màmá náà ò jìnnà sí i: kannonchiku ni àwọn ará Japan ń pe excelsa, ọparun sì ni "chiku" yẹn. Àmọ́ ọ̀pẹ ni o. Ẹ wo okùn dúdú wẹ́wẹ́ tó wé mọ́ ara igi rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Ẹ gbé e kúrò lóòrùn lónìí, mà. Abẹ́ igi ńlá ni irú wọn ti ń hù ní China. Ewé tó ti jó ò ní padà di tútù, ṣùgbọ́n tuntun á yọ, díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó bomi rin ín; tí ìdí ìkòkò ò bá jò, gbòǹgbò á rà.

Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti wà lábẹ́ fàráńdà báyìí. Màmá gbọ́ ti ọparun, inú wọn dùn gidi. Mo rí ọmọ mẹ́ta nídìí rẹ̀. Ṣé mo lè yọ ọ̀kan fún wọn?

Bàbá Olóko, Iléṣà
Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ mókun ná. Tí òjò bá rọ̀ dáadáa, ẹ yọ èyí tó ti ní gbòǹgbò tirẹ̀.