Ẹ jọ̀ọ́, ṣé yúnyun ni ewé tó hù lẹ́yìnkùlé mi yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ewé. Ìgbógbò, n'Íkòròdú, ni mò ń gbé. Ewé kan ti wà lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìnkùlé wa láti ọdún 2022. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣán an, ìdí kan náà ló tún máa ń rú jáde. Mo gbìyànjú láti hú u, gbòǹgbò rẹ̀ le bí igi, ó já sílẹ̀.

Ó ga dé ìbàdí mi. Irun wà lára ọ̀pá rẹ̀, ewé rẹ̀ sì ń ha ni lọ́wọ́. Méjìméjì ni ewé ń kọjú síra, iṣan mẹ́ta sì hàn gbangba láti ìdí ewé kọ̀ọ̀kan. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, kò tóbi.

Ìyá ọkọ mi ní yúnyun ni, èyí tí wọ́n ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Aládùúgbò wa ní jogbo ni. Ṣùgbọ́n jogbo tí mo mọ̀ ga ju èèyàn lọ, ewé rẹ̀ pín bí ọmọ ìka, òdòdó rẹ̀ sì fẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ewé Akíntọ́lá náà, torí òdòdó tìyẹn kì í ní àwọ̀ ìyeyè bẹ́ẹ̀.

Ta ló lè fi ọkàn mi balẹ̀? Ehoro mẹ́rin ni mò ń sìn, mo sì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ràn yúnyun gan-an. Mi ò fẹ́ fún wọn ní ohun tí yóò pa wọ́n lára. Kí ni kí n tún wò lára rẹ̀ kó tó dá mi lójú?