London sí New York: ìdí tí wákàtí fi lé
Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí ìṣirò ìrìn bàálù yìí fi ń mú wákàtí 6 wá, tí tíkẹ́ẹ̀tì sì ń sọ 8. Ó ti yanjú.

Láti Heathrow (pápákọ̀ òfurufú London) sí JFK (ti New York) tó nǹkan bí 5,550 km. Pín in sí 900 km ní wákàtí kan, eré bàálù, ó lé díẹ̀ ní 6. Àmọ́ afẹ́fẹ́ òkè ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn: ó ń dojú kọ bàálù. Bó bá gba 150 km ní wákàtí kan nínú eré rẹ̀, ó di bíi 7 àti ààbọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tún ń ka ìrìn bàálù lórí ilẹ̀. Ìrìn àbọ̀ sí London ló máa ń yá, afẹ́fẹ́ kan náà ń tì í lẹ́yìn.

Ẹ ṣọ́ aago o! Ìyàtọ̀ wákàtí 5 tó wà láàárín London àti New York máa ń di 4 fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lóṣù Kẹta, torí Amẹ́ríkà máa ń sún aago síwájú ṣáájú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.