Bọ́ńpà onírin tí yóò gbé wíńṣì níwájú Hilux: báwo ni ó ṣe yẹ kí wẹ́dà ṣe é?

Àgbẹ̀ Ìdànrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Hilux ni mo fi ń kó kòkó jáde láti oko wa lẹ́yìn Ìdànrè, ọ̀nà ibẹ̀ kì í sì í ṣeé gbà bí òjò bá ti mú ilẹ̀ dáadáa, nítorí pé ẹrẹ̀ a máa gbé táyà mì dé ìdajì. Mo ti pinnu láti ra wíńṣì oníná, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wé okùn láti fi fa ọkọ̀, kí n lè máa so okùn rẹ̀ mọ́ igi ńlá, kí ọkọ̀ sì fi wọ́ ara rẹ̀ jáde láìjẹ́ pé à ń wá katakata kiri. Ṣùgbọ́n ike ni bọ́ńpà tó bá ọkọ̀ náà dé, irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì nípọn. Wẹ́dà kan ní òun yóò fi irin mílímítà 3 ṣe òmíràn, òun yóò sì jó o mọ́ ẹnu ṣáásì, ìyẹn irin gígùn méjì tó ru ọkọ̀, pátápátá kí ó má baà mì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí? Wíńṣì wo ni ó sì lè wọ́ ọkọ̀ tó ru ẹrù? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye kí n tó san àsansílẹ̀.

Wẹ́dà Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ọ̀gá mi. Ẹ dákun, ẹ má tíì sanwó. Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ rò ni ọ̀nà tí agbára yóò gbà kọjá, kí ó tó ro bí bọ́ńpà yóò ṣe rí lójú. Bí wíńṣì bá ń fa ọkọ̀, agbára náà ń ti ara okùn bọ́ sí ẹsẹ̀ wíńṣì, láti ibẹ̀ sí irin tí a dè é mọ́, kí ó tó dé ẹnu ṣáásì méjèèjì, ibi tí ó bá sì rọ̀ jù nínú wọn ni yóò ya. Nítorí náà, kí irin tí wíńṣì jókòó lé tó mílímítà 6, kí ó sì gùn láti ẹnu ṣáásì ọ̀tún dé ti òsì. Iṣẹ́ gan-an nìyẹn. Mílímítà 3 tàbí 4 tó fún ìbòrí tó hàn síta, nítorí kò ru nǹkan kan. Bí ó bá fi mílímítà 6 ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ rántí pé kílò 47 ni irin náà tó bá fẹ̀ ní mítà kan tí ó sì gùn ní mítà kan. Ìwọ̀n yẹn yóò tẹ sípíríǹgì iwájú mọ́lẹ̀ láìnídìí.

Ní ti jíjó o mọ́ ṣáásì, èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Iná máa ń ba agbára irin jẹ́ níbi tí ó bá ti kàn án, ẹnu ṣáásì sì ni ibi tí wọ́n ṣe kí ó lè rún, kí ó fara gba ìjàm̀bá dípò ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Bóòtù ni kí ẹ lò, èyí tí wọ́n tẹ 8.8 sí lórí, tí í ṣe àmì bóòtù líle. Kí ó gé irin méjì tí yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣáásì, kí ó sì lo ihò tí bọ́ńpà àtijọ́ ti wà, kí bóòtù má baà jẹ́ ti iwájú nìkan.

Ẹ ra wíńṣì kí ẹ tó jẹ́ kí ó gé irin. Ihò ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wíńṣì tí agbára ìfà wọn wà láàárín pọ́n-ùn 8,000 sí 12,000 máa ń jìnnà síra ní mílímítà 254 ní gígùn àti 114 ní ìbú, síbẹ̀ ti ọwọ́ yín ni kí ó wọ̀n. Páálí ni kí ó kọ́kọ́ gé, kí ó gbé e síwájú ọkọ̀, kí ó wò ó bóyá bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò ṣí àti bóyá afẹ́fẹ́ yóò dé rédíétọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó fi iná tò ó mọ́ra ní ojú kọ̀ọ̀kan, kí ó tú u sílẹ̀, kí ó sì jó o tán lórí ilẹ̀, apá ọ̀tún díẹ̀, apá òsì díẹ̀, kí irin má baà wọ́.

Rewáyà Ọ̀ṣogbo

Òótọ́ ni ọ̀gá Wẹ́dà sọ, mo sì fẹ́ fi ti iná kún un. Bí ó bá di dandan kí ó fi iná kan ohunkóhun lára ọkọ̀, ẹ tú orí bátìrì méjèèjì kúrò kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ àti ti airbag lè jóná.

Ẹ ṣírò wíńṣì báyìí: ẹ fi ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ sì fi ìdajì rẹ̀ kún un. Bí ọkọ̀ àti ẹrù bá jẹ́ kílò 2,900, ó di 4,350. Wíńṣì pọ́n-ùn 9,500, tí ó jẹ́ nǹkan bí kílò 4,300, kò fẹ́ẹ̀ tó ìyẹn. Ti 12,000, tí ó tó kílò 5,400, ni mo fara mọ́ fún ẹrẹ̀ yín. Agbára tí wọ́n kọ sí i lára kì í pé àfi nígbà tí okùn bá ti tú dé ìpele ìsàlẹ̀ lórí àgbá tó wé mọ́. Púlì tí a fi okùn yí padà sára ọkọ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ agbára náà di ìlọ́po méjì, ẹ rà á pẹ̀lú rẹ̀.

Wíńṣì tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ fà lè gba iná tó 400 áḿpìà. Wáyà nínípọn tí ó ti ara bátìrì wá tààrà ni yóò gbé e, pẹ̀lú súìṣì tí ẹ lè fi pa á pátápátá. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń lò ó.

Àgbẹ̀ Ìdànrè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Okùn onírin ni wọ́n ń tà jù níbí. Ṣé kí n rà á?

Wẹ́dà Mọ́kọ́lá

Ó ṣeé lò, kò sì tètè gbó lára òkúta. Ṣùgbọ́n bí ó bá já, a máa fò bí pàṣán, ó sì lè pa ènìyàn. Ìdí nìyí tí èmi fi fẹ́ràn okùn oníke tí wọ́n hun, nítorí ó fúyẹ́, kì í sì í gbé agbára pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà okùn níwájú bọ́ńpà sì yàtọ̀: onírólà ni fún okùn onírin, aluminiọ́mù dídán ni fún ti oníke. Ẹ sọ èyí tí ẹ yàn fún wẹ́dà kí ó tó gé ihò. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ da aṣọ wíwúwo lé okùn náà láàárín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a kọjá, kí okùn onírin sì ṣì máa wé àgbá ní ìgbà 5 ó kéré tán, ẹ má tú u tán. Ti oníke gbọ́dọ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ dán an wò ní ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ so ó mọ́ igi, kí ẹnì kan tẹ bíréékì díẹ̀, kí ẹ sì fà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sí orí bóòtù kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wò ó lẹ́yìn náà bóyá èyíkéyìí ti yí.