Ìkòròdú là ń gbé, iṣẹ́ wà ní Lẹ́kkí, ṣé kí ọmọ mi kó lọ ni?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀nà Ìgbógbó là ń gbé ní Ìkòròdú, torí owó ilé ibẹ̀ ò ga jù la ṣe kó débẹ̀. Àkọ́bí mi obìnrin ríṣẹ́ kílínà sí ọ́fíìsì kan ní Lẹ́kkí, 85,000 lóṣù, ó ju 70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 pé ó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lọ, inú wa dùn gan-an. Kó tó rí èyí ibi mẹ́ta ló ti ṣe ìntáfíù, tí wọ́n bá ti rí Ìkòròdú nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀ báyìí wọ́n á ní ó jìnnà jù, pé á máa pẹ́ dé.

Oṣù kejì la tó jókòó ṣírò ẹ̀. Owó ọkọ̀ 2,800 lójúmọ́ àlọ àtàbọ̀, ọjọ́ 24 ló ń lọ lóṣù, 67,200 nìyẹn, ó ku 17,800 tó fẹ́ fi jẹun, tó fẹ́ fi ra dátà, tó tún ní òun fẹ́ fi ran àwọn àbúrò òun lọ́wọ́. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí, mo máa ń gbọ́ ọ tó bá ń fi iná fóònù wá bàtà kó má bàa jí àwọn ìbejì, tó bá fi máa wọlé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Ní báyìí àǹtí kan níbi iṣẹ́ ẹ̀ ní kó wá káwọn jọ dá owó rúùmù kan ní Ìlàsan, nítòsí Lẹ́kkí níbẹ̀. Bàbá ẹ̀ ò gbà. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Màrokò:
Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Màrokò, àdúgbò kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island l'Ékòó nígbà náà, ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń fọṣọ fún ìdílé mẹ́rin ní Victoria Island, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ, tó bá dọ̀sán ó ti padà wálé wá se oúnjẹ fún wa, tí wọ́n bá sì ní àlejò nírọ̀lẹ́ wọ́n á ránṣẹ́ pè é. Kò kọ lẹ́tà wáṣẹ́ rí láyé ẹ̀, nítòsí ló wà, ìyẹn náà ló ń fún un níṣẹ́. July 1990 ni ìjọba ológun wá wó Màrokò, nǹkan bí 300,000 èèyàn ni wọ́n lé, wọ́n fún àwọn kan nílé ní Ìlàsan àti Ìkòtà, a ò sí lára wọn. Àjàngbàdì, lọ́hùn-ún lápá ọ̀nà Badagry, la bá ara wa, nílé àbúrò bàbá mi. Ìyá mi ṣì gbìyànjú àtimáa lọ o, àmọ́ owó ọkọ̀ ń jẹ owó tó ń gbà, kó tó pé oṣù mẹ́ta ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gba ẹlòmíì. Ọwọ́ tó ń fọṣọ ò kúrò lára ẹ̀, ibi tó ń sùn nìkan ló yí padà. Ẹ jẹ́ kọ́mọ yẹn lọ jàre.

Ará Agbádó:
Ẹ ṣe sùúrù ṣá. Tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí nínú rìsíìtì, ọjọ́ tóun àti àǹtí yẹn bá jà ni ẹrù ẹ̀ máa bára ẹ̀ níta. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló ń dà wá láàmú, látìgbà tí reluwé Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbérò ní October 2024 ni mo ti ń lọ síbi iṣẹ́ mi n'Ìkẹjà láìsí pé mo wọ dánfó mẹ́ta. Àmọ́ Ọyíngbò ló dúró sí, Blue Line tó dé Marina sì rèé, Mílè 2 ló ti ń bọ̀, ìkankan nínú méjèèjì ò gba Ìkòròdú. Ó máa ń dùn mí, torí Jákàńdè tó jẹ́ gómìnà ti fẹ́ ṣe reluwé fún Èkó nígbà náà lọ́hùn-ún, àwọn ológun fagi lé e ní 1985, ó di 2023 kí Blue Line yìí tó kọ́kọ́ gbérò. Ṣé ẹ ti wo àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Odogunyan, ní Ìkòròdú yín níbẹ̀? Tí wọ́n bá san 60,000 fún un níbẹ̀, ó ṣì sàn ju 17,800 lọ.

Ìyá Olóúnjẹ:
Mo ń ta oúnjẹ ní Ọbaléńdé, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mò ń rí. Iṣẹ́ tí irú àwa ń ṣe kì í jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnu geéti ló ti ń jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá máígádì kan ń jẹ ẹ̀bà lọ́dọ̀ mi, ó ní mádáàmù òun ń wá ẹni tó máa tọ́jú ọmọ, kó tó bu omi mu, ọmọ tó ń bá mi fọ abọ́ ti lọ bọ́jú, ó tẹ̀ lé e, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó wà ní Ìkòròdú, ìgbà wo ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Tọ́mọ yín bá dé Ìlàsan, kì í ṣe òun nìkan ló máa ríṣẹ́, ó máa gbọ́ tàwọn àbúrò ẹ̀ náà.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an, mo ka gbogbo ẹ̀ sétígbọ̀ọ́ bàbá ẹ̀, ibi ọ̀rọ̀ ìyá tó ń fọṣọ yẹn ló ti dákẹ́. Ó ní òun máa tẹ̀ lé e lọ wo rúùmù náà lọ́jọ́ Àìkú, òun fẹ́ fojú kan àǹtí yẹn àti lándílọ́ọ̀dù, orúkọ ọmọ òun gbọ́dọ̀ wà nínú rìsíìtì. Èmi náà máa béèrè ti Odogunyan lọ́la. Ẹni tó bá ń gbé Ìlàsan níbí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi wà nínú àwọn ilé yẹn àbí rírà ni wọ́n ń rà á?